Orí Keje: Fíìmù Kan, Ọ̀nà Mẹ́ta Dé Inú Tábúlẹ́ẹ̀tì

Àpápá ti ń gba ohùn sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ orúkọ tábúlẹ́ẹ̀tì rárá. Òpópónà Wharf Road ni sítúdíò EMI wà nígbà náà, ibẹ̀ sì ni Paul McCartney, ọ̀kan nínú àwọn tó ti kọrin nínú ẹgbẹ́ olórin Beatles ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wá ní oṣù kẹjọ àti oṣù kẹsàn-án ọdún 1973 láti gba àwọn orin inú àwo Band on the Run sílẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ kan, àwọn olè dá òun àti Linda ìyàwó rẹ̀ lọ́nà ní Èkó, wọ́n yọ ọ̀bẹ sí wọn, wọ́n sì gba kásẹ́ẹ̀tì tí àwọn orin tuntun náà wà nínú rẹ̀ lọ. Kò sí ẹ̀dà kejì. Ohun tó ṣẹ́kù sí i lórí ló fi padà sí sítúdíò.

Láti ìgbà náà, ohun tí wọ́n fi ń gbé orin àti fíìmù délé ti yí padà léraléra. Àwo ni lákọ̀ọ́kọ́, kásẹ́ẹ̀tì sì tẹ̀ lé e. Ayé kásẹ́ẹ̀tì ni orin galala tí Daddy Showkey ń kọ fi kúrò ní Ajégúnlẹ̀ tó sì gba gbogbo Nàìjíríà kan. Fíìmù ilé wọ fídíò VHS: Kenneth Nnebue, tó gbé Living in Bondage jáde ní 1992, ti ń fi owó ṣe fíìmù Yorùbá lórí fídíò kó tó ṣe èyí. Ọjà Alábà ló ń pín wọn kiri, CD sì wá gba ipò VHS. Tábúlẹ́ẹ̀tì kò ní ojú ibi tí kásẹ́ẹ̀tì tàbí CD lè wọ̀, nítorí náà ọ̀nà mìíràn ni fíìmù gbọ́dọ̀ gbà dé inú rẹ̀.

Ọ̀nà mẹ́ta ló wà. Ènìyàn lè máa wò ó tààrà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó lè dáńlóòdù rẹ̀ pamọ́, ó sì lè fi wáyà tàbí mẹ́mórì kó o láti inú ẹ̀rọ mìíràn. Orí yìí yóò tọ ipasẹ̀ fíìmù Yorùbá kan tó gùn tó wákàtí méjì, láti ibi tó wà títí dé inú tábúlẹ́ẹ̀tì akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Ìjọ́rà. Ohun tí fíìmù náà máa ná an kò dúró sójú kan: ọ̀nà kan á jẹ dátà, òmíràn á jẹ àkókò, ẹ̀kẹta á jẹ ààyè inú ẹ̀rọ. Ní àdúgbò tí dátà ti wọ́n, tí iná kò sì dúró, ẹni tó bá lè ṣírò iye yìí kó tó tẹ fíìmù ti fi owó pamọ́.

Bí fíìmù ṣe tóbi tó

Bíìtì ni ìwọ̀n tó kéré jù lọ nínú iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Bíìtì mẹ́jọ ló ń para pọ̀ di báìtì kan. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣì í, nítorí pé mẹ́gábíìtì ni àwọn ilé iṣẹ́ nẹ́tíwọ̀kì fi ń sọ bí íntánẹ́ẹ̀tì wọn ṣe yá tó, ṣùgbọ́n mẹ́gábáìtì àti gígábáìtì, tí wọ́n ń kọ ní MB àti GB, ni wọ́n fi ń ta dátà. Ẹni tí nẹ́tíwọ̀kì rẹ̀ ń sáré tó mẹ́gábíìtì 8 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, 1MB péré ló ń wọlé fún un láàárín ìṣẹ́jú-àáyá náà.

Fíìmù wákàtí méjì jẹ́ ìṣẹ́jú-àáyá 7,200. Bí wọ́n bá ti fún un pọ̀ débi pé mẹ́gábíìtì 1 ló ń lò ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ rẹ̀ á jẹ́ mẹ́gábíìtì 7,200. Pín in sí mẹ́jọ, 900MB ló kù. Bí àwòrán bá mọ́ sí i tó fi ń lo mẹ́gábíìtì 2.5, fíìmù kan náà di 2,250MB, ìyẹn lé ní 2GB. Bó bá sọ̀ kalẹ̀ sí 0.6, 540MB ni, ó sì ṣeé wò láìfún ojú mọ́ ọn lórí tábúlẹ́ẹ̀tì kékeré. Orin kò tóbi bẹ́ẹ̀. Èyí tó ń lo kílóbíìtì 96 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan kò ju nǹkan bí 43MB lọ ní wákàtí kan, nítorí náà dátà tí fíìmù 900MB yẹn jẹ lè gbé orin fún wákàtí 20.

Àkókò wá ńkọ́? Lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń sáré mẹ́gábíìtì 5, 900MB máa gba ìṣẹ́jú 24 kó tó wọlé tán. Lórí èyí tó ń wọ́ nílẹ̀ ní mẹ́gábíìtì 1, wákàtí méjì gbáko ni. Ṣùgbọ́n bí fíìmù náà bá ti wà nínú láptọ́ọ̀pù, tí wáyà USB 2.0 sì ń gbé 30MB ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ààbọ̀ ìṣẹ́jú ti tó, láìjẹ dátà kankan. Kí akẹ́kọ̀ọ́ fi ìṣirò yìí sọ́kàn bó ti ń ka ìyókù orí yìí.

Wíwò tààrà lórí íntánẹ́ẹ̀tì

Ẹni tó tẹ fíìmù lórí YouTube tàbí Netflix tó sì ń wò ó lójú ẹsẹ̀ kò tíì ní fíìmù náà lọ́wọ́. Èyí ni wọ́n ń pè ní streaming. Ilé iṣẹ́ tó gbé fíìmù sórí íntánẹ́ẹ̀tì ti gé e sí wẹ́wẹ́, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan kò gùn ju ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ lọ, wọ́n sì ti ṣe ẹ̀dà wẹ́wẹ́ kọ̀ọ̀kan ní oríṣiríṣi: èyí tó ṣe bàìbàì, èyí tó mọ́ díẹ̀, èyí tó mọ́ kedere. Tábúlẹ́ẹ̀tì ló ń béèrè wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí èyí tó béèrè bá tètè dé, yóò béèrè èyí tó mọ́ jù ú lọ. Bó bá pẹ́ lọ́nà, yóò sọ̀ kalẹ̀. Ìdí nìyí tí ojú àwọn jagunjagun inú Jagun Jagun, fíìmù Fẹ́mi Adébáyọ̀ tó dé orí Netflix ní oṣù kẹjọ ọdún 2023, fi lè mọ́ gaara báyìí, kó sì di bàìbàì kí ènìyàn tó ṣẹ́jú. Bí wẹ́wẹ́ tó wà nílẹ̀ bá tán kí òmíràn tó dé, àmì róbótó á bẹ̀rẹ̀ sí í yí lójú fíìmù.

Gbogbo ẹni tó wà nítòsí òpó nẹ́tíwọ̀kì kan ló jọ ń pín agbára rẹ̀. Ní àdúgbò tí ilé fara kan ilé bíi Ajégúnlẹ̀ àti Ìjọ́rà Badíà, ọwọ́ tó wà lórí òpó kan ní aago mẹ́jọ alẹ́ pọ̀ ju ti aago mẹ́ta òru lọ. Fóònù ìgbàlódé nìkan kò lè yanjú èyí.

Wíwò tààrà sì ń jẹ dátà. Netflix fúnra rẹ̀ sọ pé àwòrán tó rẹlẹ̀ jù lè jẹ 0.3GB ní wákàtí kan, ti àárín 0.7GB, àwòrán HD sì lè jẹ tó 3GB. Kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ń san án. Wẹ́wẹ́ tí tábúlẹ́ẹ̀tì bá ti fi hàn tán, dídànù ló ń dà á nù. Ẹni tó bá fẹ́ wo fíìmù náà lẹ́ẹ̀kejì yóò tún ra dátà rẹ̀. Fíìmù àwọn ọmọdé ló ń fi èyí hàn jù. Kàtúùnù oníṣẹ́jú 15 tó ń lo 0.7GB ní wákàtí máa jẹ 175MB. Ọmọ ọdún mẹ́ta kì í wo irú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Bó bá wò ó lẹ́ẹ̀mẹ́rin lójúmọ́ fún ọgbọ̀n ọjọ́, dátà tí ìyá rẹ̀ sun á di 21GB. Ká ní wọ́n dáńlóòdù rẹ̀ ní ọjọ́ àkọ́kọ́, 175MB náà ni ì bá jẹ́ títí oṣù fi parí. Láti oṣù kìíní ọdún 2025 tí àjọ NCC, tó ń mójú tó iṣẹ́ nẹ́tíwọ̀kì ní Nàìjíríà, ti fàyè gba àwọn ilé iṣẹ́ nẹ́tíwọ̀kì láti fi tó ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún kún owó wọn, ìyàtọ̀ yìí ti di ohun tí òbí kò lè fojú fò dá.

Bátìrì pẹ̀lú ń fara gbá a, nítorí pé tábúlẹ́ẹ̀tì tó ń wo fíìmù tààrà kò sinmi àtibá òpó nẹ́tíwọ̀kì sọ̀rọ̀. Ìjọ́rà ni wọ́n ti ṣí ilé iṣẹ́ mànàmáná ní 1923 láti fún Èkó níná, síbẹ̀ àwọn ará ibẹ̀ mọ ohun tó túmọ̀ sí kí iná lọ nígbà tí bátìrì ti wọ ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún.

Ohun mìíràn tún wà tí ọwọ́ oníbàárà kò tó. Okùn tó gba abẹ́ òkun kọjá ló ń gbé èyí tó pọ̀ jù nínú íntánẹ́ẹ̀tì wọ Nàìjíríà: SAT-3, MainOne tí Fúnkẹ́ Ọ̀pẹ́kẹ́ dá sílẹ̀ tó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2010, WACS, ACE, àti Equiano ti Google tó gúnlẹ̀ sí Èkó ní 2022. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, mẹ́rin nínú wọn, ìyẹn WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, bàjẹ́ ní ọjọ́ kan náà lábẹ́ òkun nítòsí Abidjan ní Côte d'Ivoire. Ìjànbá náà dá íntánẹ́ẹ̀tì dúró tàbí kó sọ ọ́ di wíwọ́ ní orílẹ̀-èdè púpọ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Áàpù báńkì ṣe ségesège, fídíò kò ṣí. Fíìmù tó ti wà nínú tábúlẹ́ẹ̀tì kò mọ̀ pé ohunkóhun ṣẹlẹ̀.

Síbẹ̀, wíwò tààrà ní àǹfààní tirẹ̀. Kò sí bí ènìyàn ṣe lè dáńlóòdù bọ́ọ̀lù tó ń lọ lọ́wọ́ kó tó parí. Ìròyìn, ìsìn tó ń lọ lọ́wọ́, àti fídíò ìṣẹ́jú méjì tí ẹnikẹ́ni kò ní í padà wò, wíwò tààrà ló bá wọn mu, kò sì gba ààyè nínú ẹ̀rọ.

Dídáńlóòdù

Dídáńlóòdù ni pé kí gbogbo fíìmù wọlé tán, kó sì dúró sínú tábúlẹ́ẹ̀tì. Iye dátà tó ń jẹ kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti wíwò tààrà lẹ́ẹ̀kan, ṣùgbọ́n ẹni tó ń dáńlóòdù ló ń yan ibi àti ìgbà. Ó lè ṣe é níbi iṣẹ́ tí Wi-Fi wà tí ọ̀gá sì fàyè gbà á, ó sì lè ra dátà òru tó dínwó, kó jẹ́ kí fíìmù máa wọlé nígbà tí òun ń sùn. Bí nẹ́tíwọ̀kì bá já láàárín, ọ̀pọ̀ áàpù á dúró síbi tó dé, á sì tẹ̀síwájú nígbà tó bá padà. Àwọn tó ń bá súnkẹrẹ-fàkẹrẹ tírélà àti táńkà yí ní ọ̀nà Ìjọ́rà sí Àpápá mọ iyì fíìmù tó ti wà nílẹ̀ kí wọ́n tó wọ ọkọ̀.

Ilé iṣẹ́ kan ní Èkó fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe òwò. Jason Njoku àti Bastian Gotter dá iROKOtv sílẹ̀ ní ọdún 2011 kí àwọn olólùfẹ́ Nollywood lè máa wo fíìmù tààrà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn tó wà ní Lọ́ńdọ́nù àti Amẹ́ríkà gbà á tayọ̀tayọ̀. Nílé, dátà kò jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n gbé áàpù Android tí ènìyàn fi lè dáńlóòdù fíìmù jáde, wọ́n sì gbé ìsọ̀ kéékèèké kalẹ̀ káàkiri Èkó, kí oníbàárà lè gba fíìmù sínú fóònù rẹ̀ níbẹ̀ láìná dátà tirẹ̀. Ilé iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì ń kọ́ ìsọ̀ sẹ́bàá ọ̀nà: ohun tí ojú wọn rí lọ́wọ́ àwọn oníbàárà ló kọ́ wọn bẹ́ẹ̀.

Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ ìyàtọ̀ láàárín oríṣi méjì. Fáìlì tí ènìyàn rà tàbí gbà lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ni ín, bí orin MP3 tàbí fídíò MP4, tirẹ̀ ni. Ó lè gbé e láti ẹ̀rọ kan sí òmíràn. Èyí tí wọ́n dáńlóòdù nínú áàpù Netflix tàbí Spotify kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti tì í pa, áàpù yẹn nìkan ló ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, kò sì ṣeé kó sínú mẹ́mórì fún ọ̀rẹ́. Ó ní ọjọ́ tí yóò kú pẹ̀lú: àwọn fíìmù kan lórí Netflix ń parẹ́ lẹ́yìn ọjọ́ méje, òmíràn ní wákàtí 48 lẹ́yìn tí ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó. Kí ẹni tó ń rìnrìn àjò tó kúrò nídìí Wi-Fi, kó pa íntánẹ́ẹ̀tì tábúlẹ́ẹ̀tì rẹ̀ pátápátá, kó ṣí fíìmù náà, kó sì wo ìṣẹ́jú kan níbẹ̀rẹ̀ àti ìṣẹ́jú kan ní ìparí. Bó bá ṣí, ó ti wọlé lóòótọ́.

Wáyà, mẹ́mórì, àti ẹ̀rọ sí ẹ̀rọ

Ọ̀nà kẹta yìí ni àwọn olówó ìlú kì í sábà rántí mọ́, bẹ́ẹ̀ òun ló dára jù fún ilé ẹ̀kọ́. Nígbà tí Ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun lábẹ́ Gómìnà Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá gbé tábúlẹ́ẹ̀tì Ọpọ́n Ìmọ̀ jáde ní oṣù kẹfà ọdún 2013 fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ girama àgbà, wọn kò ní kí ọmọ lọ wá dátà. Wọ́n ti kó ìwé ẹ̀kọ́ tó lé ní 50 fún iṣẹ́ 17 sínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, pẹ̀lú àwọn ìbéèrè ìdánwò àtẹ̀yìnwá. Ọmọ tó wà ní abúlé tí nẹ́tíwọ̀kì kò dé lè kà á bí ti ọmọ Òṣogbo.

Láti fi wáyà kó fíìmù sínú tábúlẹ́ẹ̀tì Android, wọ́n á so ó mọ́ láptọ́ọ̀pù, wọ́n á ṣí ojú rẹ̀, wọ́n á fa ìkéde rẹ̀ wálẹ̀ láti òkè, wọ́n á sì yan File transfer. Tábúlẹ́ẹ̀tì á wá jáde nínú láptọ́ọ̀pù bíi fódà. Inú fódà Movies tàbí Music ni fáìlì ń lọ. Bí ó bá jẹ́ pé ṣíṣájì nìkan ni tábúlẹ́ẹ̀tì ń ṣe, tí láptọ́ọ̀pù kò rí i, wáyà ni kí wọ́n kọ́kọ́ fura sí. Nínú wáyà USB 2.0 tó pé, okùn tín-ín-rín mẹ́rin ló wà: méjì ń gbé iná, méjì ń gbé fáìlì. Ọ̀pọ̀ wáyà pọ́ọ́kú tí wọ́n ń tà ní ibùdókọ̀ kò ní ju méjì tó ń gbé iná lọ, bí wọ́n sì ti wù kí wọ́n so ó tó, fáìlì kò ní í kọjá. iPad le díẹ̀, ó máa ń fẹ́ áàpù Apple lórí kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n láti iPadOS 13 ní ọdún 2019 ló ti lè ka fíláàṣì nípasẹ̀ áàpù Files.

Mẹ́mórì kékeré tún rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, fún tábúlẹ́ẹ̀tì tó bá ní ojú ibi tó ń wọ̀. Nǹkan méjì ló máa ń dààmú ènìyàn. Àkọ́kọ́, mẹ́mórì tàbí fíláàṣì tí wọ́n bá ṣètò sí FAT32 kò lè gba fáìlì kan ṣoṣo tó bá tó 4GB, ààyè ì báà ṣẹ́kù nínú rẹ̀. ExFAT ni àtúnṣe. Èkejì, ayédèrú wà lọ́jà: wọ́n á kọ 512GB sí i lára, kò sì ní gba ju 8GB lọ, ohun tó bá lé sì máa bàjẹ́. Kíkó fáìlì kún un títí kó sì ṣí wọn padà ni ìdánwò rẹ̀.

Bí fíìmù bá wà nínú fóònù ẹ̀gbọ́n, tí àbúrò sì ní tábúlẹ́ẹ̀tì, Xender tàbí Quick Share máa gbé e láti ẹ̀rọ sí ẹ̀rọ lórí Wi-Fi tí àwọn méjèèjì dá sílẹ̀ láàárín ara wọn. Dátà kò sí nínú ọ̀rọ̀ náà. Fáìlì tí kò bá ṣí, áàpù VLC sábà máa ń ṣí i. Ṣùgbọ́n kí wọ́n ka ìparí orúkọ fáìlì dáadáa. Èyí tó pe ara rẹ̀ ní fíìmù tó sì parí sí .apk kì í ṣe fíìmù, áàpù tó fẹ́ wọ inú ẹ̀rọ ni.

Ẹni tó bá ń rìn ní Boundary ní Ajégúnlẹ̀, tàbí ní ibùdókọ̀ èyíkéyìí ní Èkó, kò ní ṣàì mọ tábìlì àwọn tó ń kó orin àti fíìmù sínú mẹ́mórì. Agboòrùn wà lókè, láptọ́ọ̀pù tí lẹ́tà bíi mélòó kan ti pa rẹ́ lójú bọ́tìnnì rẹ̀ wà nísàlẹ̀, jẹnẹrétọ̀ kékeré ń kùn lẹ́yìn. Oníbàárà á na mẹ́mórì, oníṣẹ́ á ṣí fódà: Yorùbá, Season, Gospel, Fújì, Mixtape. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ó ti kún. Ìṣirò tó wà níbẹ̀rẹ̀ orí yìí ṣàlàyé ìdí tí iṣẹ́ náà kò fi kú: ó yá, kò sì jẹ dátà. Ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ nínú ohun tó wà nínú àwọn fódà yẹn kò gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Òfin Ẹ̀tọ́ Oníṣẹ́-Ọpọlọ ti ọdún 2022, tí Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí ní ọjọ́ 17 oṣù kẹta ọdún 2023, dé orí íntánẹ́ẹ̀tì, ó sì fún olùdá iṣẹ́ láǹfààní láti ní kí wọ́n yọ iṣẹ́ rẹ̀ kúrò níbi tí wọ́n gbé e sí láìgbàṣẹ. Òṣèré tó sun oko fíìmù, ẹni tó rán aṣọ, ẹni tó gbé iná, kò sí èyí tí kọ́bọ̀ inú mẹ́mórì yẹn dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó dùn mọ́ni pé ọ̀pọ̀ fíìmù Yorùbá ti wà lórí YouTube lọ́fẹ̀ẹ́ láti ọwọ́ àwọn tó ṣe é, tí ìpolówó sì ń mú owó wọlé fún wọn. Fífi áàpù YouTube fúnra rẹ̀ dáńlóòdù wọn, níbi tó bá ti fàyè sílẹ̀, kò pa ẹnikẹ́ni lára.

Ohun tó jẹ́ ti akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀, fọ́tò ìgbéyàwó, ohùn ìyá àgbà tó ń sọ ìtàn ìdílé, iṣẹ́ tó ń kọ fún ìdánwò, kí ó wà níbi méjì ó kéré tán: nínú tábúlẹ́ẹ̀tì, àti nínú fíláàṣì tí wọn kì í gbé jáde. Ààbọ̀ ìṣẹ́jú ló gbà. McCartney kò ní irú àǹfààní yẹn ní Èkó ní 1973.

Iṣẹ́ ṣíṣe

Akẹ́kọ̀ọ́ kan wà níbi tí Wi-Fi ọ̀fẹ́ ti ń sáré mẹ́gábíìtì 8 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ó fẹ́ dáńlóòdù fíìmù wákàtí méjì tó jẹ́ 1,800MB. Ọkọ̀ tó ń lọ sí Ìjọ́rà yóò gbéra ní ìṣẹ́jú 25 sí i, ààyè tó sì kù nínú tábúlẹ́ẹ̀tì rẹ̀ jẹ́ 1,500MB. Ṣírò iye ìṣẹ́jú tí fíìmù náà máa gbà kó tó wọlé tán. Lẹ́yìn náà, wá iye mẹ́gábíìtì ní ìṣẹ́jú-àáyá kan tí àwòrán gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀ sí kí fíìmù náà lè gba inú ààyè tó kù, kó sì wọlé tán kí ọkọ̀ tó gbéra. Bí ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó jókòó tì í bá ní fíìmù náà nínú fóònù gẹ́gẹ́ bíi fáìlì MP4 tó rà, kí ló yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ náà béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ kí àwọn méjèèjì tó ṣí Quick Share?